Ta Ló Yẹ Kójú Tì? Bá A Ṣe Ń Wo Dọ́kúmẹ́ńtárì Nípa Ìyà Tó Ń Jẹ Aráàlú

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù àti ìròyìn n'Íbàdàn nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo kàn yọ ibi tí iná ti lọ àti ibi tá a ti ń wá ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ kúrò ni.)

Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù, mò ń rí yín o, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ ṣáà máa gbọ́ mi.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí dọ́kúmẹ́ńtárì ṣe máa ń ṣe èèyàn lára, pàápàá àwọn tó dá lórí ìṣòro ìlú. Mi ò ní sọ ti gbogbo fíìmù ayé, díẹ̀ ni mo fẹ́ mú, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wò tàbí tá a ti gbọ́ ariwo ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ ká jọ máa wò nínú wọn, ìyẹn ìtìjú. Mo ti ń kíyè sí ara mi àtàwọn tá a jọ ń wo nǹkan, tá a bá jókòó síwájú fíìmù tó ń fi ìyà hàn, ẹ ó gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé ó pa wọ́n lẹ́kún, pé ó bí wọn nínú, irọ́ ni jàre, ìtìjú ló kọ́kọ́ ń wá. Ojú á kọ́kọ́ tì wá ná. Lẹ́yìn náà la óò wá máa wá ẹni tá a máa di ìtìjú yẹn rù, ibẹ̀ gan-an ni mo ní ọ̀rọ̀ sí, torí ẹni tá a sábà máa ń dì í rù kọ́ ló ni ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 2010. Lóṣù April ọdún yẹn, BBC gbé fíìmù kan jáde lórí BBC Two, alápá mẹ́ta, Welcome to Lagos ni wọ́n pè é. Apá kìíní, ààtàn Olúṣósùn ní Ọ̀jọ́ta. Apá kejì, Mákòkó tó wà lórí ọ̀sà. Apá kẹta, etí òkun Kúrámọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island níbẹ̀, níbi táwọn èèyàn kọ́ ahéré sí lórí iyanrìn. Ó parí. Kò sí Ìkẹjà, kò sí Sùúrùlérè, kò sí yunifásítì, kò sí ẹnikẹ́ni tó so táì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Òṣèré kan tó jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, David Harewood, ló ń ròyìn ohun tá à ń rí fún wa.

Ariwo ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, Dalhatu Tafida, ní ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fi orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀sín lójú ayé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí BBC ṣe òmíì tó máa tún orúkọ Èkó ṣe. Kódà Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dá sí i, ó ní irú ojú táwọn amúnisìn fi ń wo aláwọ̀ dúdú láyé ọjọ́un ni wọ́n tún gbé wá, pé ẹni tó bá wù náà lè lọ síbi táwọn mẹ̀kúnnù ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ya wọ́n ní fíìmù, kó wá ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Mi ò ní bá Ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn, ọ̀rọ̀ wọn ń bẹ nílẹ̀. Ibi mẹ́ta péré nínú ìlú tó tóbi tó Èkó, tó o wá fi orúkọ gbogbo ìlú pè é, ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin wà ní Peckham nígbà yẹn, òun ló kọ́kọ́ pè mí, ó ní ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe apá kìíní, òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi í pẹ̀lú àánú ní tòótọ́ pé ṣé àwọn ẹbí ẹ̀ ń rí omi mu níbi ààtàn yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú tì mí débi pé mo ní Àbújá la ti wá, mi ò mọ Èkó rárá." Ọmọ tí wọ́n bí sí Mushin o! A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún, ó sì dùn mí fún un.

Èmi wá lọ wò ó fúnra mi, mo ti múra ìbínú sílẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yàtọ̀. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń ṣa irin, ike àti bébà nínú ẹ̀gbin, tí wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n mọ iye tí kìlò kọ̀ọ̀kan ń lọ lọ́jà, ọ̀kan nínú wọn ń ṣa pàǹtí ó sì ń kó owó ẹ̀ jọ láti fi gbé orin jáde. Ọgbọ́n orí wọn pọ̀, ẹ̀fẹ̀ ẹnu wọn pọ̀, wọ́n tún mọ̀ pé kámẹ́rà wà níwájú àwọn, wọ́n sì ń lò ó. Mo wò ó tán, mo wá ń bi ara mi pé ta lójú ń tì nínú fíìmù yìí gan-an? Nínú àwọn tí mo rí, kò sẹ́ni tójú ń tì. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwa tá a jókòó sórí àga ló ń tì.

Ibi tó wá le nìyí. Nínú gbogbo ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí BBC, ọ̀rọ̀ pé àwòrán wa ti bàjẹ́ ló gba iwájú, ó gba ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń gbé orí ààtàn kò ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kí òyìnbó má ṣáà ti rí i. Ó dà bí ìgbà tí eéwo yọ síni níwájú orí, téèyàn wá gbá dígí tó fi rí i ṣubú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀? Ní July 2012, ìjọba fún apá kan ní Mákòkó ní wákàtí 72 láti kó ẹrù wọn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ilé yẹn ń ba àyíká jẹ́, pé kò yẹ ìlú ńlá bí Èkó ṣe fẹ́ dà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé òpó ilé wọn, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn olóyè àdúgbò, ìgbà yẹn ni wọ́n tó dáwọ́ dúró. Lóṣù August ọdún kan náà, òkun ya wọ Kúrámọ̀ lóru, ó gbé èèyàn lọ, ìjọba sì wó ahéré tó ṣẹ́ kù. Kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n ti ń da iyanrìn sókun fún Eko Atlantic, ilẹ̀ olówó gọbọi. Ti Olúṣósùn ní tiẹ̀, iná sọ níbẹ̀ ní March 2018, èéfín bo Ọ̀jọ́ta àti Ketu mọ́lẹ̀, wọ́n ti ààtàn yẹn pa fúngbà díẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi yé o, mi ò sọ pé fíìmù BBC ló fà á. Wọ́n ti ń wólé èèyàn l'Ékòó tipẹ́, àwọn àgbà tó wà níbí á rántí Maroko ní July 1990, nígbà ìjọba Raji Rasaki, àwọn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n sọ di aláìnílé níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtìjú tí kò bá rí ẹni tó ni ín, orí ẹni tí apá ẹ̀ ò ká nǹkan ló máa ń balẹ̀ sí. Ẹni tí wọ́n fi hàn nínú fíìmù ni wọ́n á lé kúrò nílẹ̀, kí fíìmù má bàa rí nǹkan yà mọ́.

Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tó ń gbé Mákòkó yìí, àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Badagry, láti orílẹ̀-èdè Benin, láti etí omi Oǹdó, ta ni kì í jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn l'Ékòó? Ẹja yíyan tó wà nínú ọbẹ̀ yín ńkọ́? Iyanrìn tí àwọn ọkùnrin ń rì sísàlẹ̀ ọ̀sà lọ wà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi ń mọ ilé alájà mẹ́ta-mẹ́rin, ta ló wà á? Pákó tó máa ń gba orí omi wá sí Òkò Bàbá, ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ẹbúté Mẹ́ta nígbà yẹn ńkọ́? Èèyàn tó o jẹ lára ẹ̀ láàárọ̀, tó bá wá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, o ní ó dójú tì ẹ́.

Nǹkan míì tún wà tí mo fẹ́ fi kún un, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2013, Kunlé Adéyẹmí tó jẹ́ ayàwòrán ilé kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń léfòó sórí omi ní Mákòkó, onígun mẹ́ta, ó rẹwà gan-an. Fọ́tò ẹ̀ lọ káyé. Àwọn tó ń sunkún lórí Welcome to Lagos wá ń pín fọ́tò Mákòkó kiri, "àwa la ni ín o, ọpọlọ ọmọ Yorùbá." Ní June 2016 òjò ńlá kan rọ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà wó. Ọpẹ́ ni pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ wo iye ẹni tó tún sọ̀rọ̀ Mákòkó lẹ́yìn ìyẹn. Ṣé ẹ rí i, ìgbéraga wa àti ìtìjú wa, inú ibì kan náà ni wọ́n ti ń jáde, kí ni wọ́n á máa rò nípa wa lókè òkun. Ọmọ tó fẹ́ kàwé lórí omi yẹn kò sí nínú ìṣirò.

Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Dọ́kúmẹ́ńtárì kan wà tó ń jẹ́ Darwin's Nightmare, Hubert Sauper ló ṣe é ní 2004, ó dá lórí ẹja ńlá tí wọ́n ń pa nínú adágún Victoria ní Mwanza, Tanzania, tí wọ́n ń kó ẹran ara ẹ̀ lọ sí Yúróòpù, tí àwọn ará ìlú sì ń din egungun àti orí ẹ̀ jẹ. Ààrẹ Kikwete fúnra ẹ̀ bọ́ síta ní 2006 ó bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù yẹn, àwọn èèyàn sì jáde ṣe ìwọ́de ní Mwanza láti tako ẹni tó yà á. Ẹjọ́ tí wọ́n rò lórí ibi tí fíìmù yẹn ti fẹ nǹkan lójú lè jẹ́ òótọ́ o, mi ò bá wọn débẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà wo bí ìbínú ṣe ń mọ ọ̀nà ilé kámẹ́rà ju ọ̀nà ilé oníṣòwò lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí 2018. Oṣù April ń parí lọ ni BBC Africa Eye gbé Sweet Sweet Codeine jáde. Akọ̀ròyìn kan, Ruona Meyer, ló wà nídìí ẹ̀, pẹ̀lú Adéjùwọ̀n Ṣóyínká tó jẹ́ ọ̀gá BBC Pidgin nígbà yẹn. Ruona sọ ọ́ ní gbangba pé ìṣòro yìí kì í ṣe ti ọmọ ẹlòmíì nìkan, pé arákùnrin òun gan-an ni kódíìnì, èyí tí wọ́n ń fi sínú òògùn ikọ́, mú lẹ́rú. Èyí ṣe pàtàkì lójú tèmi, torí ẹni tọ́rọ̀ kàn ló di kámẹ́rà mú. Wọ́n lo kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi hàn pé òògùn ikọ́ tó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ yìí, ọ̀nà ẹ̀bùrú nìkan kọ́ ló ń gbà wọ ìgboro, inú ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ti ń jáde, ẹni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀ ló ń tà á lábẹ́lẹ̀. Wọ́n mẹ́nu ba ohun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀, pé ó lè tó ìgò mílíọ̀nù 3 tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ní Kánò àti Jígáwá nìkan. Wọ́n wá gbé wa dé ibi ìtọ́jú kan ní Kánò. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ èèyàn.

Yàrá ọ̀rẹ́ mi kan la ti jọ wò ó, a pọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn yọ, gbogbo ilé dákẹ́, ẹnì kan wá sọ pé, "Àwọn ará òkè Ọya nìyí, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ wọn nìyẹn." Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ara ṣe tu gbogbo wa. Èèyàn ń mí kanlẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ dìde lọ bu omi tútù. Ìtìjú ti rí ilé tó máa wọ̀ sí, ó sì jìnnà sí tiwa dáadáa.

Ìjọba ò fi falẹ̀ nígbà yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, mínísítà ètò ìlera, Isaac Adéwọlé, kéde pé kò sí ìwé àṣẹ tuntun mọ́ fún kíkó kódíìnì wọlé láti fi ṣe òògùn ikọ́. NAFDAC ti ilé iṣẹ́ òògùn mẹ́ta pa, ọ̀kan l'Ékòó, méjì ní Ìlọrin. Ní Ìlọrin o, ìlú tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Kò sẹ́ni tó pe àwa pé ohun tó ń pa wọ́n ní Kánò, àdúgbò wa ni díẹ̀ nínú ẹ̀ ti ń lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ìwádìí jáde tí ìjọba àti UNODC, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, jọ ṣe. Wọ́n ní nínú àwọn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64, èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà, wọn ò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Agbègbè wo ló wà lókè pátápátá? Ìwọ̀ oòrùn gúúsù ni. Ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Àríwá ìwọ̀ oòrùn tí Kánò wà, ìdá 12 ni. Èkó dá ní ìdá 33. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp fún ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wo fíìmù nílé ẹ̀, ó fi emójì ẹ̀rín dá mi lóhùn, ó ní "ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ńkọ́? Ní November 2019, ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn fíìmù yẹn, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ibi ìtọ́jú àti ìtọ́sọ́nà. Ilé yẹn kò sí ní Kánò. Ọ̀jọ́ọ̀ ló wà, n'Íbàdàn níbí, bẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò níbí, ẹ ó ti débẹ̀ kí ẹ tó jẹ búrẹ́dì yín tán. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀, àwọn ẹbí wọn ló fọwọ́ ara wọn mú wọn lọ, torí ọmọ ń mugbó, ọmọ ń jalè, apá òbí ò ká a, kò sì sí ilé ìwòsàn tí owó wọn ká láti gbé e lọ. Bẹ́ ẹ bá ń wo ìyá tó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ nírú ibẹ̀, tẹ́ ẹ kàn pè é ní ìkà, ẹ ò tíì wo fíìmù yẹn. Ìtìjú ló gbé ọmọ yẹn débẹ̀. Kí àwọn ará àdúgbò má bàa gbọ́, kí ṣọ́ọ̀ṣì má bàa gbọ́, kí ẹgbẹ́ má bàa gbọ́.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa ya fíìmù pé ìgbà tí ara bá tu ẹni tó ń wo fíìmù yín, ẹ bẹ̀rù. Ó ti rí ibi tó máa gbé ẹ̀bi sí, ó ti ń wá omi tútù.

Ẹ̀kẹta, kíá ni màá sọ ọ́ torí mo rí i pé ebi ti ń pa àwọn kan. Sex for Grades, October 2019, Kiki Mordi ló ṣíwájú ẹ̀, ó dá lórí àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń fẹ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ lò pọ̀. Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Gánà ni wọ́n lọ. Akọ̀ròyìn kan díbọ́n bí ọmọ ọdún 17 tó ń wá àyè wọ yunifásítì, olùkọ́ kan tó tún jẹ́ pásítọ̀ pè é wá sí ọ́fíìsì, ẹ̀yin náà wo ìyókù. Kiki Mordi fúnra ẹ̀ sọ pé olùkọ́ tó ń dà á láàmú ló jẹ́ kí òun fi yunifásítì sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Nínú fíìmù yìí, fún ẹ̀ẹ̀kan péré, ìtìjú rí ẹni tó ni ín. Ojú olùkọ́ tó jẹ́ pásítọ̀ yẹn hàn kedere, ohùn ẹ̀ hàn, àdúrà tó ń gbà láàrin ọ̀rọ̀ hàn. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ní 2021 wọ́n lé e pátápátá. Wọ́n ti ibì kan pa ní kíláàbù àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní "Cold Room." Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn fíìmù, àbádòfin lórí fífi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ní ilé ẹ̀kọ́ gíga padà wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, èyí tí wọ́n ti gbé wá ní 2016 tí kò di òfin. Wọ́n buwọ́ lù ú nílé yẹn ní July 2020.

Síbẹ̀ náà, ẹ rántí ohun táwọn èèyàn ń sọ. "Kí ló lọ ṣe ní ọ́fíìsì ẹ̀?" "Pańpẹ́ ni wọ́n dẹ fún bàbá yẹn." Èmi ò fẹ́ràn kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀, mo máa sọ ìyẹn, àfi tí kò bá sí ọ̀nà míì rárá, torí ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí fún ẹni burúkú lè lò ó lọ́la fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé inú yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní títì ló ń ṣẹlẹ̀, ọ̀nà wo ló kù? Kí ọmọbìnrin wá sọ ọ́ lẹ́nu lásán ni? Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ta ló gbọ́?

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi nígbà tá a wò ó ni pé ìyàwó mi ní kí n dá a dúró. Ó wá sọ ìtàn kan fún mi nípa ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ gbé yàrá ní yunifásítì, èyí tó fi ọdún kan kún ọdún ẹ̀ torí ó kọ̀ fún ẹnì kan, tí gbogbo àwa tá a mọ̀ ọ́n ń pè é ní olódo. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, bóyá lójú ẹ̀. Ọjọ́ tó ti pẹ́ tá a ti jọ wà nílé, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ ò béèrè." Mi ò rántí ohun tó kẹ́yìn fíìmù yẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rántí.

Kí n tó jókòó, iṣẹ́ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ mú dọ́kúmẹ́ńtárì èyíkéyìí, ẹ pa ohùn ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ohùn aròyìn, kò sí dùùrù tó ń ké wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ máa wo ojú àwọn èèyàn nìkan. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa rí i pé àánú tó ń ṣe yín, dùùrù ló ń ṣe é fún yín. Mo ṣe é fún Welcome to Lagos, àwọn ará Olúṣósùn ń rẹ́rìn-ín ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá Awon Boyz tí Tolulope Itegboje ṣe, àwọn ọmọ ìgboro Èkó jókòó síwájú kámẹ́rà, wọ́n ń fẹnu ara wọn sọ ìgbésí ayé wọn, ìyá tó bí wọn, ohun tó gbé wọn dé títì. Mo ti ń sá fún agbèrò láti kékeré, owó mi ni wọ́n máa ń fẹ́, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti wá fẹ́ràn wọn. Mo kàn ń wo ojú wọn báyìí tí wọ́n bá ń gba owó ọ̀hún ni.

Àwọn ìbéèrè wá. Ẹnì kan bèèrè bóyá owó wà nínú dọ́kúmẹ́ńtárì, mo ní kó lọ bi àwọn tó ń ṣe iREP, àjọ̀dún dọ́kúmẹ́ńtárì l'Ékòó, àwọn ló mọ ọ̀nà ẹ̀, pé kó ṣáà má tíì fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá dìde, ó ní òun fẹ́ ya àwọn alábàárù ní ọjà Bódìjà, àwọn obìnrin tó ń fi orí ru ẹrù oníbàárà. Ó ní ṣé kí òun fún wọn lówó? Mo ní tó bá gba àsìkò wọn, ẹrù tí wọn ò rù nígbà yẹn, owó ẹ̀ ni kó san, kó san án kó tó tan kámẹ́rà, kó má sì san kọ́bọ̀ nítorí omi ojú. Mo tún ní kó gbé e padà lọ hàn wọ́n kó tó gbé e síta. Ó ní ìyẹn ò ṣòro, èyí tó ń da òun láàmú ni pé màmá kan nínú wọn ti sọ fún òun pé tí kámẹ́rà bá máa wá, kó wá lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí òun bá wọ léèsì tí òun wé gèlè, òun ò fẹ́ kí ọmọ òun tó wà ní póólì rí òun pẹ̀lú òṣùká lórí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn. Mo ní kó lọ ní Sunday yẹn, kó ya màmá dáadáa pẹ̀lú léèsì wọn, kó sì wá bẹ̀ wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kóun padà wá ní Monday, tí wọ́n bá sì kọ̀, kó lo ti Sunday bẹ́ẹ̀.